Ìgòkè àti Ìsọ̀kalẹ̀ Iyè-Iṣẹ́ Olùtọ́jú Fáìlì: Àgbéyẹ̀wò Ìperí Mẹ́rin

1. Ìfáárà

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ìṣòro tí ó ń kojú olùkọ́ àti ògbufọ̀ tí ó ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń lò fún ohun méjì tí kò jọra. Ibi tí ẹ̀rọ ń kó fáìlì pamọ́ sí, «ìrántí» ni wọ́n ń pè é; ibi tí ẹ̀rọ ń tẹ́ iṣẹ́ sí nígbà tí iná ń bẹ lára rẹ̀, «ìrántí» náà ni. Ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ kì í ṣìnà nítorí èyí. Ẹni tí kò mọ̀ ni ó ń ṣìnà, bẹ́ẹ̀ sì ni òun gan-an ni a torí rẹ̀ ṣe àlàyé.

Ká ní akọ̀wé ilé-ìwé kan ṣí àpò fáìlì tí ó kún fún fọ́tò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó wá wo ojú ibi tí ẹ̀rọ ti ń fi iye tí ètò kọ̀ọ̀kan ń lò hàn. Ó rí 80 mẹ́gábáìtì ní ẹ̀gbẹ́ olùtọ́jú fáìlì. Láìpẹ́, nọ́ḿbà náà di 190. Ó ti àpò fáìlì náà pa, ó di 120. Ó ṣí òmíràn, ó di 150. Wọ́n ti kọ́ ọ pé «ìrántí kọ̀ǹpútà» ni nọ́ḿbà yìí, wọ́n sì ti kọ́ ọ pé inú ìrántí ni fáìlì ń gbé. Kí ni yóò rò? Yóò rò pé fáìlì ti pọ̀ jù, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa èsì ìdánwò àti fọ́tò ọdún àtijọ́ rẹ́. Nọ́ḿbà náà kò ní tìtorí èyí sọ̀kalẹ̀. Ó tilẹ̀ lè gòkè sí i, nítorí pé pípa fáìlì rẹ́ pàápàá iṣẹ́ ni. Ohun tí ó pa rẹ́ lè má ṣe é rí mọ́ láéláé. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi, akọ̀wé náà kò sì jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ ni ó ṣì í lọ́nà.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nítorí náà, ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí a tó dábàá ìperí tí ó bá a mu.

2. Ibi méjì nínú ẹ̀rọ

Nínú kọ̀ǹpútà tí ó wọ́pọ̀ lóde òní, ibi méjì ni ìsọfúnni ń gbé. Èkíní ni dísíìkì, tàbí ohun mìíràn tí ń ṣe iṣẹ́ dísíìkì. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ kì í parẹ́ bí iná bá lọ. Ó láyè púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Èkejì ni ibi tí ọpọlọ ẹ̀rọ ń bá ṣiṣẹ́ ní tààrà. Èyí yára gidigidi, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kéré sí ti èkíní, ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀ a sì parẹ́ bí iná bá ti lọ. Ọpọlọ ẹ̀rọ kì í ṣiṣẹ́ lórí fáìlì níbi tí ó wà nínú dísíìkì. A ní láti kọ́kọ́ da fáìlì náà, tàbí apá kan nínú rẹ̀, kọ sí ibi kejì. Ẹ̀dà ni ó ń lọ. Ojúlówó dúró síbi tí ó wà.

Ètò olùdarí kọ̀ǹpútà ni ó ń pín ibi kejì yìí fún àwọn ètò yòókù. Ètò tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ a yá ìwọ̀n tí ó tó o lọ́wọ́ olùdarí. Bí ó bá sì ṣe tán, a dá a padà. Nọ́ḿbà tí akọ̀wé rí ni ìwọ̀n tí ó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú fáìlì ní àkókò tí ó wò ó. Nọ́ḿbà náà kò sọ ohunkóhun nípa iye fáìlì tí ó wà nínú dísíìkì.

3. Ohun tí ń mú nọ́ḿbà náà gòkè

Olùtọ́jú fáìlì ti Windows ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àti ọ́fíìsì ń lò. Nínú Windows 3.0 ti ọdún 1990, File Manager ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1995, Windows Explorer rọ́pò rẹ̀ nínú Windows 95. Láti ìgbà Windows 8, ní ọdún 2012, File Explorer ni wọ́n ń pè é.

Ìdí kìíní tí nọ́ḿbà rẹ̀ kì í fi í wálẹ̀ dé òfo ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ju títọ́jú fáìlì lọ. Ètò kan náà ni ó ń ya ojú tábìlì ẹ̀rọ àti ọ̀já tí ó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ń fi àwọn ètò tí a ṣí hàn. Bí a kò bá tilẹ̀ ṣí àpò fáìlì kankan, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí kejì ni àwòrán kékeré tí ó máa ń fi hàn dípò fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Ìṣirò díẹ̀ yóò mú èyí ṣe kedere. Fọ́tò tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán 4,000 tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀kán 3,000 ní ẹ̀kán 12,000,000. Nínú dísíìkì, wọ́n ti fún un pọ̀, ó sì lè má ju mẹ́gábáìtì mélòó kan lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀ pátápátá fún àfihàn, tí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan gba báìtì 4, yóò gba báìtì 48,000,000. Àwòrán kékeré tí a yọ láti inú rẹ̀, tí kò ju ẹ̀kán 256 ní fífẹ̀ àti 256 ní gíga lọ, kò lè gbà ju báìtì 262,144 lọ, èyí tí í ṣe kílóbáìtì 256. Bí irú àwòrán kékeré bẹ́ẹ̀ bá tó 400 nínú àpò fáìlì kan, wọn yóò gba mẹ́gábáìtì 100. Kò sí fáìlì tuntun kan tí a fi kún dísíìkì nípa ṣíṣe èyí ju àkójọ àwòrán kékeré náà lọ. Síbẹ̀, nọ́ḿbà ti fò sókè.

Ìdí kẹta ni àwọn àlejò. Ètò mìíràn, bí èyí tí ń fún fáìlì pọ̀ tàbí èyí tí ń wá kòkòrò ẹ̀rọ, lè fi apá kan ara rẹ̀ sínú olùtọ́jú fáìlì, kí orúkọ rẹ̀ lè máa jáde nígbà tí a bá fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ fáìlì. Ohun tí àlejò bá yá, ọrùn onílé ni a ń kọ ọ́ sí. Bí àlejò bá sì jẹ́ aláìbìkítà, onílé ni aráyé ń dá lẹ́bi.

4. Ohun tí ń mú un sọ̀kalẹ̀

Ìsọ̀kalẹ̀ náà ní ìdí tirẹ̀. Èyí tí ó rọrùn jù láti lóye ni pé iṣẹ́ parí, ètò sì dá ohun tí ó yá padà. Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà lè sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ètò kò dá ohunkóhun padà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà, olùdarí ń pín ibi iṣẹ́ yìí sí ojúewé-ojúewé, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 4,096. Ní ọdún 1968, Peter J. Denning tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú èyí tí ó ti fi hàn pé, ní àkókò kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ ni ètò ń lò nínú gbogbo ojúewé tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí ó ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí ni ó yẹ kí olùdarí fi sílẹ̀ fún un. Ó lè gba ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àyè bá há.

Láti ìgbà Windows Vista, ohun tí alámòójútó iṣẹ́ ń fi hàn lójú ewé rẹ̀ ni irú àwọn ojúewé ìlò-lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, èyí tí ètò náà nìkan ni ó ń lò ó. Nígbà tí olùdarí bá gba ojúewé kan kúrò nínú wọn, nọ́ḿbà sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í pa ohun tí ó wà nínú ojúewé náà rẹ́ lójú ẹsẹ̀. A fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Bí ètò bá tún bèèrè rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó gbà á, a óò dá a padà fún un láìdé dísíìkì, nọ́ḿbà a sì tún gòkè. Nínú Windows XP ti ọdún 2001, bí a bá sọ fèrèsé ètò kan di kékeré sí ìsàlẹ̀, olùdarí a gba púpọ̀ nínú ojúewé rẹ̀, nọ́ḿbà a sì já wálẹ̀ lójijì. Bí a bá tún ṣí i, a tún gbéra. Ẹni tí kò mọ ìdí lè rò pé ohun kan sọnù, tí ó sì tún padà wá.

Kókó kan wà tí kò gbọdọ̀ fara sin. Iyè tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Nítorí náà ni olùdarí, nínú Windows àti nínú Linux pẹ̀lú, ṣe ń fi ibi tí kò sẹ́ni tí ń lò ó tọ́jú ẹ̀dà fáìlì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, bóyá a óò tún bèèrè rẹ̀. Bí ètò mìíràn bá nílò ibẹ̀, a óò kó ẹ̀dà náà kúrò. Pé ibẹ̀ kún kì í ṣe àmì pé ẹ̀rọ ń ṣàìsàn.

5. Àwọn ìperí tí ó wà nílẹ̀

Nísinsìnyí tí a ti wo ilé, ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn òyìnbó pàápàá kò fẹnu kò lórí orúkọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Charles Babbage ń gbèrò ẹ̀rọ ìṣirò ńlá rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1837, «store» ni ó pe ibi tí nọ́ḿbà ń gbé, «mill» ni ó sì pe ibi tí a ti ń ṣe wọ́n níṣẹ́. Bí a bá ní kí àgbẹ̀ Yorùbá túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì, yóò sọ pé àká àti ọlọ ni. Ní ọdún 1945, John von Neumann fi ẹ̀rọ wé ọpọlọ ènìyàn nínú ìròyìn rẹ̀ lórí EDVAC, ó sì lo «memory». Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn èyí ni àwọn ará Bìrìtìkó ṣì fi ń lo «store». Àfiwé méjì ni ó wà níwájú Yorùbá nígbà náà: ti àká àti ti iyè ènìyàn.

«Ìrántí» ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mú. Àléébù rẹ̀ ni pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe «rántí» ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Ìṣe ni ó ń tọ́ka sí, kì í ṣe ibi tàbí agbára. Ní àfikún, ohun tí a kò fẹ́ kí ó parẹ́ ni à ń ṣe ìrántí rẹ̀. Ibi iṣẹ́ inú ẹ̀rọ ń parẹ́ bí iná bá lọ, nítorí náà orúkọ náà tako ìwà ọmọ.

Àwọn mìíràn mú ọ̀rọ̀ àyálò «mẹ́mórì». Kò sí ohun tí ó burú nínú ọ̀rọ̀ àyálò. «Fáìlì» fúnra rẹ̀ àyálò ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn tí ń ta fóònù, káàdì tí a ń kó orin àti fọ́tò sí ni «mẹ́mórì». Ọ̀rọ̀ náà ti gbé ìdàrúdàpọ̀ tí à ń sá fún wọlé.

«Àyè» tún ṣe é gbé yẹ̀ wò. Ó rọrùn, ó sì yé tọmọdé tàgbà. Àléébù rẹ̀ ni pé ibi méjèèjì ni ó ní àyè. Bí a bá sọ pé «àyè ti tán», olùgbọ́ kò lè mọ èyí tí ó tán. Ẹni tí ó bá rántí «àtẹ» oníṣòwò, tí à ń kó ọjà sí lówùúrọ̀ tí à ń kó o kúrò nírọ̀lẹ́, ti rí àfiwé tí ó dára. Ṣùgbọ́n «àtẹ» ti di ìperí fún ìsọfúnni tí a tò sí ìlà àti òpó nínú ìwé ẹ̀kọ́.

6. Ìperí mẹ́rin tí a dábàá

Èkíní ni «àká», fún ibi tí fáìlì ń gbé títí. Ohun tí ó wà nínú àká wà níbẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́ àti lọ́jọ́ ìsinmi, a sì mọ̀ pé kíkó díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sídìí ọlọ yàtọ̀ sí títú àká palẹ̀. Àká ti Babbage kì í ṣe dísíìkì òde òní gan-an, nítorí pé àwọn nọ́ḿbà tí ọlọ ń lò lọ́wọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí «àká» ní lẹ́nu Yorùbá bá dísíìkì mu jù.

Èkejì ni «iyè-iṣẹ́», fún ibi tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. «Iyè» kì í ṣe ìṣe bíi «ìrántí». Agbára tí ènìyàn fi ń di nǹkan mú lọ́kàn ni, òun ni oògùn ìsọyè wà fún. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ń yin oníyè fún ohun tí ó ti pẹ́ lọ́kàn rẹ̀, «iyè» nìkan kò tó. «Iṣẹ́» ni ó sọ irú iyè tí à ń wí: èyí tí ó di ohun tí ọwọ́ wà lórí rẹ̀ mú, títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ìdí mìíràn tún wà fún àkànpọ̀ yìí. «Iye» tí í ṣe òǹkà, «iyè» tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àti «ìyè» tí í ṣe òdìkejì ikú, ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé tí kò ní àmì ohùn yóò sọ «iye iyè» di «iye iye», ìtumọ̀ yóò sì wọmi. «Iye iyè-iṣẹ́» kò ní ṣìnà tó bẹ́ẹ̀ bí àmì tilẹ̀ jábọ́.

Ẹ̀kẹta ni «ìpamọ́ ìtòsí», fún ẹ̀dà tí a fi sí ibi tí ọwọ́ yóò tètè tó. Ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún un wá láti inú èdè Faransé, níbi tí ó ti túmọ̀ sí kí a fi nǹkan pamọ́. Yorùbá ní ànfààní níhìn-ín, nítorí pé «fi pamọ́» ń tọ́ka sí ìtọ́jú àti sí ìfarasin pa pọ̀. Ìperí yìí kò so mọ́ ibi kan ṣoṣo. Olùtọ́jú fáìlì ní ìpamọ́ ìtòsí fún àwòrán kékeré nínú iyè-iṣẹ́, ó sì ní òmíràn nínú àká, kí ó má baà tún gbogbo rẹ̀ yà lọ́jọ́ kejì. Nínú Windows XP, inú àpò fáìlì kọ̀ọ̀kan ni ti inú àká ń gbé. Láti ìgbà Vista, wọ́n kó o jọ sí ojú kan fún olùlò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀kẹrin ni «àyáàdápadà», fún àìsàn tí òyìnbó ń pè ní «leak». Àwọn kan ti túmọ̀ rẹ̀ sí «jíjò», ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jò. Omi tí ó jò jáde ti kúrò nínú ìkòkò. Ní tòótọ́, iyè-iṣẹ́ náà ṣì wà lọ́rùn ètò tí ó yá a. Ètò náà ti gbàgbé rẹ̀ ni, kò lò ó mọ́, kò sì dá a padà. Àpẹẹrẹ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú èdè: «àbíìkọ́» ni ẹni tí a bí tí a kò kọ́, «àkọ́ọ̀gbà» ni ẹni tí a kọ́ tí kò gbà. Àyáàdápadà ni ohun tí a yá tí a kò dá padà. «Àyáàsan» ìbá kúrú jù ú lọ, ṣùgbọ́n owó ni à ń san, owó mìíràn ni a sì fi ń san án. Ẹni tí ó yá ọkọ́, ọkọ́ yẹn gan-an ni yóò dá padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojúewé iyè-iṣẹ́ rí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ń tẹ̀ lé ìperí náà ṣe pàtàkì. Bí olùkọ́ bá sọ pé ètò «ń jẹ» iyè-iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé ohun tí a jẹ kò ní padà. Bí ó bá sọ pé iyè-iṣẹ́ «ń kún», yóò rò pé ó di dandan kí a dà á nù. Ètò «ń yá» iyè-iṣẹ́, ó sì «ń dá a padà»: èyí ni ó ṣàlàyé ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ láìsí àsọjù.

7. Ìlera àti àìsàn

Pẹ̀lú ìperí wọ̀nyí, olùkọ́ lè kọ́ni bí a ti ń mọ ìgòkè tí ó tọ́ yàtọ̀ sí èyí tí ó léwu. Kì í ṣe góńgó nọ́ḿbà ni ó yẹ kí a máa wò. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni. Kí a ṣí àpò fáìlì kan náà, kí a tì í pa, kí a dúró díẹ̀, kí a sì kọ nọ́ḿbà tí ó kéré jù sílẹ̀. Kí a tún un ṣe ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ti àkọ́kọ́ kò yẹ kí a kà sí, nítorí pé ètò máa ń di àwọn nǹkan kan mú tí ó kọ́kọ́ kó wọlé. Ká ní ìsàlẹ̀ jẹ́ 118, 121, 117, 120: ara ètò dá. Ká ní ó jẹ́ 118, 150, 183, 215, tí kò sì wálẹ̀ bí a ti dúró pẹ́ tó: àyáàdápadà wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a wò bóyá àlejò kan nínú olùtọ́jú fáìlì ni ó fà á.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò la fáìlì pípa rẹ́ lọ. Bí ètò bá kú, olùdarí a gba gbogbo iyè-iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí ó gbàgbé pẹ̀lú. Láti ìgbà Windows 8, alámòójútó iṣẹ́ lè pa olùtọ́jú fáìlì kí ó sì tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tábìlì ẹ̀rọ a pòórá díẹ̀, a sì padà. Ohun tí ó wà nínú àká kò yí padà.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà lórí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ Babs Fafunwa, tí ó sì fi hàn pé ọmọ lè fi èdè Yorùbá kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Bóyá ó ṣeé ṣe kì í ṣe ìbéèrè mọ́. Ìbéèrè tí ó kù ni bí ọ̀rọ̀ tí à ń fi kọ́ni ṣe ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà tó. Wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Akọ̀wé tí a kọ́ ní «àká» àti «iyè-iṣẹ́» yóò rí i tí nọ́ḿbà ń gòkè láti 80 dé 190, yóò mọ̀ pé olùtọ́jú fáìlì yá nǹkan láti fi ṣiṣẹ́ tí òun rán an, yóò sì dúró kí ó dá a padà. Èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì wà nínú àká níbi tí ó fi wọ́n sí.